Iṣẹ́ Tí Mo Rán sí Òrò-Àgọ́

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan. Ìyá wa máa ń sọ pé àwọn agbẹ̀bí ò tíì wọlé tán lọ́jọ́ tí mo fi já wálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn fóònù. Bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, màá pe ẹnì kan. Bí onítọ̀hún ò bá gbé e, màá pe ẹlòmíràn, títí màá fi rí ẹni tí yóò sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, kí oúnjẹ tó lè lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì wá lọ ní gbogbo agbègbè wa, àfi bí ẹni pé wọ́n dè mí lọ́wọ́ dè mí lẹ́sẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á gan-an. Àwọn kan ní àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà lójú títì ló gé wáyà tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Àwọn kan ní olè ló jí i. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé mi ní Òrò ní ìjọba ló pa á nítorí àwọn ajínigbé, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí òun àti ìjọba jọ jẹun àárọ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé láti Òrò dé Ọ̀mù-Àrán, dé Ẹ̀sìẹ́, dé abúlé gbogbo, fóònù ti di pákó lọ́wọ́ wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gun orí ògiri, wọ́n ń na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi ká máńgòrò. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pọ́ọ̀sì ṣòwò ti ìlẹ̀kùn pa. Ìyàwó pásítọ̀ wa fẹsẹ̀ rìn wá sílé mi láti wá béèrè bóyá ìpàdé àwọn ìyá ṣì wà, ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan la ti ń kíra láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ ni àìbalẹ̀ ọkàn mi tún gbé ìbéèrè tirẹ̀ dé: àbúrò mi ńkọ́?

Àbúrò mi obìnrin yìí nìkan ni ọmọ ìyá mi tó kù láyé. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti lọ, ìyá ti lọ, bàbá ti lọ tipẹ́. Ẹ̀sìẹ́ ni ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe olùkọ́, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù ìbí. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Dókítà ìgbà yẹn sọ fún wa pé irú ẹ̀jẹ̀ tó ní kò wọ́pọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wa méjì tó ń dáko iṣu ní Òrò-Àgọ́, tó jẹ́ ìlú bàbá wa, ni ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu, àwọn ni wọ́n sì fi gbà á. Láti ìgbà tí oyún yìí ti dé ni mo ti ń pè é láàárọ̀, tí mò ń pè é lálẹ́, tó fi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Àǹtí mi, ọmọ tí mo lóyún rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mọ ohùn yín kó tó mọ ohùn bàbá rẹ̀.”

Nígbà tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, mo fara dà á díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ti ilé pa, mo gun ọkadà, ó di Ẹ̀sìẹ́.

Kí n má parọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Kò sí bí aláboyún ṣe lè pe áńbúláńsì mọ́, nítorí náà áńbúláńsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ọ̀mù-Àrán ní kí awakọ̀ rẹ̀ máa yí gbogbo agbègbè po láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ilé ìlera kọ̀ọ̀kan sì máa ta aṣọ pupa sórí igi lẹ́bàá títì bí aláìsàn tó ju agbára wọn lọ bá wà lọ́wọ́ wọn. Bí awakọ̀ bá ti fojú kan aṣọ pupa, yóò yà. Mo ti gbọ́ nípa ètò yìí ní Òrò, mo tilẹ̀ ti yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí tí mo ti yìn wọ́n, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì kan ilé mi. Nígbà tí ọkadà mi dé Ẹ̀sìẹ́, tí mo rí aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí igi níwájú ilé ìlera, ìró àbúrò mi ni. Èmi ni mo rà á fún un. N kò dúró kí ọkadà ó dúró kí n tó bọ́ sílẹ̀.

Ó ti bímọ. Obìnrin ni, ara ọmọ dá ṣáṣá, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìyá rẹ̀ ni kò dára. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, ó ti gún un lábẹ́rẹ́, ó ti fa omi sí i lára, gbogbo wa wá ń wo ojú títì. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ gbé e, nọ́ọ̀sì ní rárá, kò gbọ́dọ̀ jókòó, ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ kí omi ó máa wọ̀ ọ́ lára. Mo lọ sí títì, mo padà. Mo tún lọ. Mo bá ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ etí aṣọ pupa yẹn jà bí ẹni pé ó fẹ́ jẹ ẹ̀mí wa. Nígbà tí áńbúláńsì yọ, mo bọ́ sí àárín títì, mo na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ ní, “Ìyá wa, mo ti rí aṣọ o, ẹ má jẹ́ kí n pa yín mọ́ ọn.”

Ní Ọ̀mù-Àrán, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá èmi àti ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìfi epo bọyọ̀. Ó ní òun ti rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, òun yóò sì dí i, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti pọ̀ jù. Àpò kan péré tó bá tirẹ̀ mu ló wà nínú fíríìjì, ó sì ti ń wọ̀ ọ́ lára lọ. Àpò méjì ni ó tún nílò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì wà, nọ́ọ̀sì àgbà yóò kàn pe Ìlọrin ni, yóò sì pe àwọn tó máa ń wá fún wọn lẹ́jẹ̀ ní ìlú. Ó ní àwọn yóò rán ènìyàn sí àwọn tó wà nítòsí. Wọ́n rán lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ wá, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí èyí tó bá a mu. Tèmi náà kò bá a mu. Ọkọ rẹ̀ gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó sáré lọ wọ mọ́tò, ó kọrí sí Ìlọrin, láìmọ̀ bóyá yóò rí i tàbí kò ní rí i, tí kò sì ní ọ̀nà láti fi sọ fún wa bó bá rí i.

Mo ní, “Àwọn ọmọ wa ní Òrò-Àgọ́ ńkọ́? Ẹ yá wa ní áńbúláńsì.”

Nọ́ọ̀sì àgbà wò mí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí a bá rán an lọ sí Òrò-Àgọ́ lórí ọ̀nà yẹn, ta ni yóò máa wo aṣọ pupa?”

Mo bínú sí i nítorí pé òótọ́ ló sọ. Èmi fúnra mi kò lè lọ: ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ mi, àbúrò mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wa. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo sáré lọ sí garéèjì.

Dẹ́rẹ́bà kan ń kó èrò ọ̀nà ibẹ̀. Oríta kan ni yóò dé, kò dé Òrò-Àgọ́, ṣùgbọ́n ó ní ọlọ́kadà pọ̀ ní oríta, òun yóò fi iṣẹ́ náà lé ọ̀kan lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún un ketekete. Mo ní, “Ẹ sọ fún wọn ní agbo ilé wa pé àbúrò mi tó wà ní Ẹ̀sìẹ́ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò kú o. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tó fún un lẹ́jẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni mo fẹ́. Kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá ní ọ́síbítù ní Ọ̀mù-Àrán.” Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ bí ọmọ iléèwé. Mo ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Màmá kan nínú wọn ní, “Ìyá wa, ó ti gbọ́. Gbogbo wa la ti gbọ́.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ.

Ẹni tí kò bá tíì dúró de iṣẹ́ tó rán láìní fóònù kò tíì mọ ohun tí ìdúró jẹ́. N kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà ti taku sọ́nà. N kò mọ̀ bóyá ọlọ́kadà wà ní oríta. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé kò wúlò, síbẹ̀ mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo pe Òrò-Àgọ́, kò wọlé. Mo pe Ìlọrin, kò wọlé. Mo tilẹ̀ pe fóònù àbúrò mi tó wà nínú àpò mi. Mò ń rìn láti ẹnu géètì dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu géètì. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi, n kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Àbúrò mi la ojú, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jókòó. Òòyì yín ń kọ́ mi.”

Mo ní, “Àwọn ọmọ ń bọ̀.”

Ó ní, “Ṣé wọ́n ti gbọ́?”

Mo ní wọ́n ti gbọ́. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Oòrùn ti yẹ àtàrí dáadáa nígbà tí bọ́ọ̀sì kékeré kan yà wọ géètì. Mo rí ojú àwọn ará ilé wa nínú rẹ̀, mo kígbe, “Jésù, ẹ ṣeun!” Mo sáré lọ pàdé wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ ni àbúrò bàbá wa, olórí ẹbí wa, ẹni tó tọ́ wa nígbà tí bàbá kú. Bàbá la ń pè é, nítorí òun la mọ̀ ní bàbá. Ó wọ agbádá dúdú, ó ṣí fìlà. Àwọn àgbà mìíràn tẹ̀ lé e, ọkùnrin mẹ́ta tí kò sí èyí tó ṣì ní eyín tó pé lẹ́nu, àti àwọn ìyá wa méjì. Àwọn ìyá ti tú gèlè, wọ́n fi gbàjá mọ́ ìbàdí. Kò sẹ́ni tó kí mi. Èyí àgbà nínú àwọn ìyá yẹn há aṣọ funfun tuntun kan mọ́ abíyá, ó ká a dáadáa.

Mo wo ẹ̀yìn wọn. Bọ́ọ̀sì ti ṣófo.

Mo ní, “Ẹ kú ọ̀nà o, Bàbá. Àwọn ọmọ dà?”

Bàbá ní, “Ọmọ mi, ṣe ọkàn gírí. Wá jókòó ná.”

“Bàbá, mo ní àwọn ọmọ dà?”

“Wọ́n wà nílé. Wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe.”

“Wọ́n ń tún ibo ṣe?”

Ó wolẹ̀. Ó ní, “A ò lè jẹ́ kó sùn nílé onílé. Ẹ̀gbẹ́ ìyá yín la ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí.”

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró níbí, nítorí ọmọdé ìsinsìnyí lè má lóye rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í ju ìròyìn burúkú síni lójú. Bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, ẹni tí wọ́n bá rán sílé kò ní sọ pé ó kú. Yóò ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀ ni. Yóò ní kò sí nǹkan, kí àwọn àgbà ṣáà máa bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́n ló mọ ohun tí “kò sí nǹkan” jẹ́. Àwọn tó dàgbà yóò múra lọ gbé òkú, àwọn ọ̀dọ́ yóò mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Nínú agbo ilé wa, òkú ọmọ obìnrin kì í sì í gbé ilé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá sí.

Dẹ́rẹ́bà tó gba iṣẹ́ lẹ́nu mi dé oríta, ojú tì í láti máa pariwo ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó bímọ ní gbangba. Nígbà tí mo rí i lẹ́yìn náà, tí mo fẹ́ bá a jà, ó ní, “Ìyá wa, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Ó sọ fún ọlọ́kadà pé ọmọ ilé báyìí bímọ, ara rẹ̀ kò le, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Ọlọ́kadà náà gbé tirẹ̀ dé Òrò-Àgọ́, ó bá Bàbá lórí àga níwájú ilé, ó rí ewú orí rẹ̀, àánú ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má jáyà o. Ọmọ yín tó wà ní Ẹ̀sìẹ́ ló ní kí n kí yín. Kò sí nǹkan. Kí àwọn ará ilé ṣáà máa bọ̀ ní ọ́síbítù ní Ọ̀mù-Àrán.” Bàbá kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún un lómi, ó wọlé lọ wọ agbádá dúdú. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá wà ni, ì bá pè mí, ì bá gbọ́ igbe ọmọ tuntun létí mi. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ìwà rere àwọn ènìyàn méjì ló sì ti pa àbúrò mi.

Mo kígbe, “Kò kú! Bàbá, kò kú!”

Ìyá tó há aṣọ mọ́ abíyá fà mí mọ́ra. Ó ní, “Ó ti yé wa, ọmọ mi. Ó ti yé wa. Sunkún.”

Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ti kó sí mi lórí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo ní àwọn ọmọ méjèèjì ni mo ní kí wọ́n wá, wọ́n ní àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń pariwo tó ni wọ́n ń pẹ̀tù sí mi tó. Ìgbà tó sú mi, mo di apá agbádá Bàbá mú, mo fà á wọ inú wọ́ọ̀dù. A kì í fa àgbà báyìí. Mo fà á. Àwọn yòókù rọ́ tẹ̀ lé wa.

Ohun tí n kò rò ni pé àbúrò mi náà ọmọ agbo ilé wa ni.

Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Ó rí agbádá dúdú. Ó rí orí àwọn ìyá tí kò ní gèlè. Ó rí aṣọ funfun, ojú rẹ̀ sì dúró lórí aṣọ náà. Kò pariwo. Ó wò mí, ó ní, “Àǹtí mi, kí ni dókítà sọ fún yín tí ẹ kò sọ fún mi?”

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, agbádá rẹ̀ ṣù bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń sọ pé, “Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀.” Ìyá tó mú aṣọ wá kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jù ú sórí àga, ó sì fi ìdí jókòó lé e. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ọmọ tuntun lé e lẹ́sẹ̀, mo ní kí ó máa mú un lọ́wọ́. Mo tẹ̀ mọ́ etí àbúrò mi, mo ní, “O ò kú. Àwọn ni wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òdì. Mò ń lọ mú àwọn ọmọ wá. Má sùn.”

Ó ní, “Ẹ yára.” Kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kí n rọra ló máa ń sọ fún mi.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn àgbà wá ti ń gbé àga ẹ̀yìn jáde kí ààyè lè gba òkú. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí ó wọlé, kí a máa lọ. Ó wo ojú mi, ó sì wọlé. A fi àga sílẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà Òrò-Àgọ́ kò mọ ẹni tó ń kánjú. Ibi tí ọ̀dà wà, ihò wà. Ibi tí kò sí ihò, àwọn màlúù wà. A bá akẹ́rù igi kan tó dúró sí àárín ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ ń tú táyà bí ẹni tí ọjọ́ kò ní ṣú. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bá a ti òkúta, a gba inú koríko kọjá. Gbogbo ìgbà ni mò ń rí ètè funfun yẹn. Mò ń gbàdúrà, mo sì ń bá awakọ̀ jà nínú àdúrà kan náà: “Olúwa, jọ̀ọ́, dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù báyìí ni?” Awakọ̀ ní, “Àmín, ìyá wa. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù báyìí, a ó ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀run.”

Nígbà tí a yà wọ agbo ilé, mo gbọ́ dídún ṣọ́bìrì kí n tó rí wọn. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá wa ni. Ilẹ̀ ti jìn dé àyà wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà nínú rẹ̀, wọ́n bọ́ aṣọ, erùpẹ̀ pupa ti bò wọ́n dé orí, èyí ẹ̀gbọ́n ń sunkún bó ṣe ń kó erùpẹ̀ síta. Àwọn ará àdúgbò dúró ti wọn pẹ̀lú omi mímu. Wọ́n rí bọ́ọ̀sì, wọ́n rò pé òkú ló dé, àwọn obìnrin bú sẹ́kún.

Mo fò sílẹ̀. Mo dúró létí ihò náà, mo ní, “Ẹ jáde níbẹ̀! Ó wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń fẹ́.”

Wọ́n kàn ń wò mí. Mo ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí irọ́ ó di òótọ́ ni? Ẹ jáde!” Èyí àbúrò ju ṣọ́bìrì nù, ó di ọwọ́ mi mú, mo sì fà á jáde. Ẹnì kan ní kí wọ́n wẹ̀. Mo ní kò sí ìwẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n ṣáà wọ ẹ̀wù. Mo ní kí ó ju ẹ̀wù sínú mọ́tò. Bí wọ́n ṣe rí nínú ihò yẹn ni wọ́n ṣe wọ bọ́ọ̀sì, nígbà tí kò sì sí àga lẹ́yìn, ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n di ara wọn mú ní gbogbo ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lójú ọ̀nà. Èyí ẹ̀gbọ́n kò dẹ́kun ẹkún. Ó ní, “Àǹtí, mo tilẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kó jìn dáadáa, kó lè dára fún un.”

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé. Àbúrò mi kò sùn. Bàbá ló jókòó tì í, agbádá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ nípa oko, nípa ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo, nípa ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè mú kí ó máa dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì àgbà rí ọwọ́ àwọn ọmọ wa, ó ní, “Kí ni wọ́n ń gbẹ́?” Ó fi òwú àti oògùn nu ìgbọ̀nwọ́ èyí àkọ́kọ́, òwú pọ́n. Ó mú òmíràn, ó pọ́n. Ó nu ún títí ó fi dé ara, ó wá gún un lábẹ́rẹ́. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ sínú àpò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, n kò rìn.

Ọkọ rẹ̀ ti Ìlọrin dé lẹ́yìn náà pẹ̀lú àpò kan tó rí, wọ́n fi kún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò mi béèrè oúnjẹ, ó ní kí n gbé ọmọ òun wá. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, mo sunkún tó tó mi.

Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó lè gbé ọmọ lọ fi han ìlú bàbá rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ti padà tipẹ́, a sì ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èmi kò sọ fún un. Wọ́n kì í gbẹ́ sàréè kí wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo, wọn kì í sì í kàn dí i. Àwọn àgbà ní kí wọ́n gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sin ín síbẹ̀ dípò ènìyàn. Bàbá ló kọ̀. Ó ní kí wọ́n to pákó lé e lórí, kí wọ́n fi páànù bò ó. Ẹ̀rù bà mí láti béèrè ìdí.

Bí a ṣe wọ agbo ilé báyìí, àbúrò mi kò tíì kí ẹnikẹ́ni tán tó fi lọ tààrà síbẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un. Ó dúró ti páànù náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó pẹ́. N kò lè dúró, n kò lè lọ. Bàbá dìde lórí àga rẹ̀, ó fi ọ̀pá rìn wá bá wa.

Ó ní, “Má wò ó mọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe tìẹ. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, tèmi ni. Mo ti sọ fún gbogbo wọn.”

Àbúrò mi kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ tó ṣì pupa. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.”

Bàbá gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. Ó ní, “Mo gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò kánjú o.”